Ọkọ̀ Tí Ó Ń Kúnlẹ̀ Lóru

Nínú àwọn lẹ́tà tí ó tẹ̀ wá lọ́wọ́ láìpẹ́ yìí, ọ̀kan wà láti ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ní Abẹ́òkúta, tí a rò pé ó yẹ kí a dá lóhùn ní gbangba, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìyá yìí ń ta àdìrẹ. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gíga kan, tòkunbọ̀, ni ọkọ rẹ̀ rà fún un. Òun ni ó fi ń kó ọjà lọ sí Èkó, òun náà ni ó sì fi ń gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó ní bí òun bá jí ní ìdájí, òun a bá ọkọ̀ náà níbi tí iwájú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ bí ìyàwó tuntun tí ó kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ. Bí òun bá ti tan ẹ́ńjìnnì, tí òun sì mú sùúrù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ọkọ̀ a dìde, a dúró ṣánṣán bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é rí. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lè kọjá kí ó má kúnlẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kẹjọ, yóò tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta náà ni ọkọ̀ dúró gbọn-in níwájú àwọn tí ó fẹ́ wò ó. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé àlá ni ó ń lá. Níkẹyìn, wọ́n gba owó tí ó ti yà sọ́tọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀rọ tí ń fún ọkọ̀ náà ní afẹ́fẹ́. Kò pé oṣù kan tí ìkúnlẹ̀ tún padà dé. Ní báyìí, baálé rẹ̀ fẹ́ tà á ní ọ̀pọ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì ń sọ pé iṣẹ́ ayé ni.

Kì í ṣe iṣẹ́ ayé rárá. Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn dèké, òtítọ́ sì ni: àrùn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ a máa sọ mẹkáníìkì tí ó mọṣẹ́ di òpùrọ́, a sì máa sọ èyí tí kò mọṣẹ́ di olówó. Ṣùgbọ́n àbíkú inú ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti inú ìyá. Gbogbo ìgbà tí ó bá wá ni ó ní ohun tí ó pè é wá: ó lè jẹ́ òtútù, ó lè jẹ́ ooru, ó lè jẹ́ òjò, ó lè jẹ́ bí ọkọ̀ ti ga tó nígbà tí ẹ pa á. Ẹni tí ó bá lè ṣọ́ ìgbà tí ó ń wá ni yóò mú un. Ta ni ó sì lè ṣọ́ ọ bí kò ṣe ẹni tí ó ń bá a gbé nínú ilé? Mẹkáníìkì kì í sùn sí ọgbà yín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ọkọ̀ yìí gbé ara lé. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a mọ̀ ni ó jókòó lórí sípíríǹgì irin. Èyí tí a ń sọ yìí kò ní sípíríǹgì irin ní ẹsẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ; àpò rọ́bà líle tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. (Kì í ṣe àpò tí í tú jáde láti dáàbò bo ojú àti àyà ènìyàn nígbà ìjàm̀bá o, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn.) Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kékeré kan wà tí ń fa afẹ́fẹ́ láti ìta, tí ń fi agbára tì í lọ. Afẹ́fẹ́ náà yóò gba inú agolo kan kọjá, níbi tí àwọn hóró bí iyọ̀ ti ń fa omi kúrò lára rẹ̀. Láti ibẹ̀ yóò dé ibi tí àwọn fáàfù wà, àwọn tí ń ṣí ọ̀nà sí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń tì í. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kan wà tí ó ní apá tẹ́ẹ́rẹ́. Òun ni ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bí ẹsẹ̀ náà ti ga tó. Kọ̀ǹpútà ni olórí ilé: bí ó bá gbọ́ pé ẹsẹ̀ kan ti lọ sílẹ̀, a pàṣẹ pé kí a fún un ní afẹ́fẹ́, bí ó bá ga jù, a ní kí a tú díẹ̀ dànù.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti lo sítóòfù tàbí àtùpà tí a ń fi páǹpù fún ní afẹ́fẹ́ rí, ẹ ti mọ ìdajì iṣẹ́ yìí. Ẹ rántí pé bí iná sítóòfù bá ń kú díẹ̀díẹ̀, kì í ṣe páǹpù ni ó sábà máa ń ṣàìsàn. Afẹ́fẹ́ ni ó ń jò níbìkan, ọwọ́ yín ni ó sì ń ro yín. Ọkọ̀ yìí kò yàtọ̀. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kò ní ọwọ́ tí yóò ro ó, ṣùgbọ́n ó ń gbóná, ó ń jẹ, ó sì ń kú. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ pé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tí ó kú, pípa ni wọ́n sábà máa ń pa á. Àwọn tí ó pààrọ̀ ti ìyá wa ní Abẹ́òkúta sin òkú, wọ́n sì fi apànìyàn sílẹ̀ nínú ilé.

Ohun èlò yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1957, ilé iṣẹ́ Cadillac ní Amẹ́ríkà fi àpò afẹ́fẹ́ sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọkọ̀ olówó gọbọi kan tí wọ́n pè ní Eldorado Brougham. Ní 1984, Lincoln Continental Mark VII gbé èyí tí kọ̀ǹpútà ń darí jáde. Mercedes-Benz fi AIRMATIC sí S-Class ní 1998, láti ìgbà náà ni ó sì ti wọ́pọ̀ lára Range Rover, Land Rover Discovery, àwọn Mercedes gíga àti Audi kan. Lexus GX 470, tí ó jáde ní 2002, ẹ̀yìn nìkan ni ó ní in. Sípíríǹgì irin ni ó wà ní iwájú rẹ̀. Nítorí náà, bí iwájú GX 470 bá lọ sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta àpò afẹ́fẹ́ fún yín.

Ó wá kan ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù: kí ni ìdí tí àìsàn náà fi ń lọ tí ó fi ń bọ̀? Ẹ wo rọ́bà inú ẹsẹ̀ yẹn. Ní ìsàlẹ̀, ó ṣẹ́ po sí ara rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí a ká sókè. Bí ọkọ̀ ti ń gòkè tí ó ń sọ̀, ibi tí ó ṣẹ́ po náà ń yí. Ó di ọdún mélòó kan, rọ́bà a máa sán wẹ́wẹ́ ní ibi tí ó ń ṣẹ́ jù. Bí ọkọ̀ bá dúró ní gíga kan, ojú ibi tí ó sán yóò fún pọ̀, afẹ́fẹ́ kò ní í jáde. Bí ó bá dúró ní gíga mìíràn, tí ó fi ìwọ̀n ìka kan péré yàtọ̀, ibi tí ó sán yóò bọ́ sí orí ìṣẹ́po gan-an, ẹnu rẹ̀ yóò là, afẹ́fẹ́ yóò sì máa jò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè sun ọjọ́ mẹ́ta láìkúnlẹ̀ nígbà tí ẹrù àdìrẹ wà nínú rẹ̀, tí yóò sì kúnlẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Ìyẹn náà ni ó fi ń ṣe dáadáa lọ́dọ̀ mẹkáníìkì: ní ọ̀sán ni ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ sì ń dí ohun tí ó ń jò.

Ẹ̀tàn kejì burú ju èyí lọ, ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà sì ju èje lọ. Nínú ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, pàápàá àwọn tí a ṣe ní ilẹ̀ Yúróòpù, kọ̀ǹpútà kì í sùn pátápátá nígbà tí ẹ bá tì í pa. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, a jí, a wo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ó bá rí i pé ẹsẹ̀ kan ti lọ sílẹ̀, kò ní í tan kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ kí ó má baà jẹ iná bátìrì tán. Yóò kàn tú afẹ́fẹ́ àwọn yòókù sílẹ̀ kí ọkọ̀ lè dọ́gba. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó bá gbogbo rẹ̀ ní ilẹ̀. Ẹsẹ̀ kan ni ó ṣẹ̀, mẹ́ta ni ó bá a jẹ̀bi. Mẹkáníìkì yóò wò ó, yóò ní, “Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàbí ọgbọ́n, ṣùgbọ́n irọ́ ni ọkọ̀ pa fún un.

Bí a ti ṣe lè jẹ́ kí ọkọ̀ sọ òtítọ́ nìyí, iṣẹ́ yìí kò sì ju agbára obìnrin kankan lọ. Ẹ wá téèpù tí àwọn aránṣọ fi ń wọn aṣọ, àti ìwé àkọsílẹ̀ kékeré kan. Ẹ gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, ibì kan náà ní gbogbo alẹ́, kí táyà iwájú kọjú síwájú tààrà. Ẹ jẹ́ kí ó dúró ní gíga tí ó máa ń wà lójoojúmọ́, kí ẹ tó pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti àárín gbùngbùn ibi tí táyà ti ń yí, lọ sókè tààrà dé etí irin ara ọkọ̀ tí ó bo táyà náà lórí. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín yóò tàn yín jẹ. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ fún ríwáyà yín kí ó fi fíùsì tí ó ń gbé iná lọ sí kọ̀ǹpútà ẹsẹ̀ afẹ́fẹ́ náà hàn yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwé tí ó bá ọkọ̀ wá sábà máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú. Ẹ yọ ọ́ ní alẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọn ọkọ̀ tán. Kọ̀ǹpútà kò ní iná mọ́, kò lè jí, kò lè tú ti ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tí ó bá lọ sílẹ̀ ní òru ọjọ́ náà, òun ni ó jẹ̀bi.

Ní ìdájí, ẹ wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ rárá. Bí ẹ kò bá yọ fíùsì, ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì sí i, nítorí bí a bá ti ṣí ilẹ̀kùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a jí lójú ẹsẹ̀, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara wọn ṣe. Ẹ jẹ́ kí a ro pé ẹ kọ 46 àti 46 sílẹ̀ fún iwájú ní alẹ́, 47 àti 47 fún ẹ̀yìn, gbogbo rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Ní òwúrọ̀, ẹ bá 46 ní apá òsì iwájú, 39 ní apá ọ̀tún, ẹ̀yìn kò sì yí padà. Ọ̀rọ̀ ti parí ní ìdajì: apá ọ̀tún iwájú ni kí a yẹ̀ wò, àpò rẹ̀, ọ̀pá afẹ́fẹ́ tí ó lọ bá a, àti fáàfù tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn méjì iwájú ni ó jọ lọ sílẹ̀ bákan náà, ẹ jẹ́ kí a fura sí ibi tí fáàfù àwọn méjèèjì ti pàdé kí a tó fura sí àpò méjì. Bí iwájú bá lọ sílẹ̀, ọkọ̀ kúnlẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn, ọkọ̀ lóṣòó. Ẹ kọ èyí tí ó ṣe sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́, bóyá òjò rọ̀, bóyá ẹrù wà nínú rẹ̀, àti bí ẹ ti jìnnà tó lọ́jọ́ náà. Ẹ ṣe é ní alẹ́ mẹ́ta ó kéré tán. Bí ọkọ̀ yín bá ní ohun tí a fi ń gbé e sókè àti sísàlẹ̀, ẹ pa á ní gíga tí ó yàtọ̀ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́po rọ́bà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ má ṣe dá ẹ̀rù ba ara yín lórí ohun kékeré. Afẹ́fẹ́ a máa sún kì bí ó bá tutù. Ní ìgbà ọyẹ́, bí ọ̀sán bá mú ooru 33 ní ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì, tí ìdájí sì bọ́ sí 18, afẹ́fẹ́ inú àpò yóò dín ní nǹkan bíi 5 nínú 100 láìsí pé ó jò rárá. Bí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jọ lọ sílẹ̀ díẹ̀ bákan náà, ọyẹ́ ni ó ń kí yín.

Bí ẹ bá ti mọ ẹsẹ̀ tí ó jẹ̀bi, omi ọṣẹ ni yóò fi ojú ihò hàn. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ mọ́ omi nínú ìgò tí ẹ fi ń fín omi sí aṣọ nígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́. Kí ọkọ̀ wà ní gíga rẹ̀, ẹ fín in sí ara rọ́bà náà yípo, àti sí ibi tí ọ̀pá afẹ́fẹ́ ti wọlé. Ẹ dúró. Ihò kékeré kì í kánjú. Ó lè gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ìfófòó wẹ́wẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ bí itọ́ ọmọ ọwọ́.

Níhìn-ín ni kí a ti sọ ọ̀rọ̀ tí ó wúwo. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ gíga wọ̀nyí wúwo ju 2,000 kìlógíráàmù lọ, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó sì gbé e dúró. Bí fáàfù kan bá ṣí, tàbí tí ọ̀pá kan bá yọ, yóò wálẹ̀ kí ènìyàn tó wí pé háà. Ẹ má ṣe ti orí tàbí apá bọ àárín táyà àti ara ọkọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ mú bọ́ọ̀lù. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì kankan sùn sí abẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n fi òpó irin ti ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ró. Jáàkì nìkan kò tó. Láti ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ ti fín omi ọṣẹ, kí ẹ yí ọwọ́ ọkọ̀ kí táyà lè kọ ẹ̀yìn sí ojú rọ́bà, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì na ọwọ́ tí ó mú ìgò nìkan. Ohun tí ẹ kò bá rí láti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní òpó irin. Bákan náà, bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti dìde, ẹ má ṣe wà á lọ: táyà yóò máa ha ara irin, ọkọ̀ kò ní í lè mi lórí kòtò, ìjánu rẹ̀ kò sì ní í dá yín lójú.

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ wọn ọkọ̀ ní alẹ́ mẹ́ta tí ẹsẹ̀ kankan kò lọ sílẹ̀, síbẹ̀ tí iná ìkìlọ̀ ń tàn lójú ọkọ̀, tí ó ń kú, tí ó tún ń tàn. A jẹ́ pé afẹ́fẹ́ kò jẹ̀bi. Iná ni kí a wá lọ. Bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yìí a máa jẹ iná púpọ̀. Bátìrì tí ó kún dáadáa, tí ó ti sinmi, yẹ kí ó fi nǹkan bíi 12.6 fóólì hàn. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 12, kọ̀ǹpútà lè kọ iṣẹ́ ní òwúrọ̀, kí ó sì gbà á ní ọ̀sán lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn. Lẹ́yìn bátìrì ni rìléè, ohun kékeré tí ń ṣí iná fún kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ẹnu rẹ̀ a máa jóná: nígbà mìíràn kò ní í pàdé, ọkọ̀ kò ní í dìde, nígbà mìíràn yóò lẹ̀ mọ́ra, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìdákẹ́ títí yóò fi jóná. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Ẹni tí ó bá fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tuntun sí orí rìléè àtijọ́ ti fi aṣọ tuntun wọ ọmọ tí kò tíì wẹ̀.

Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀ a máa pa ara rẹ̀ bí ó bá gbóná jù. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ láti dìde lẹ́yìn sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, tí ó wá dìde lẹ́yìn tí ó ti tutù fún ìdajì wákàtí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí fi hàn pé ó ti ń ṣiṣẹ́ àṣejù, ẹ sì tún padà sí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ó ń jò. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí ẹ gba inú àgbàrá kọjá ni iná ìkìlọ̀ ń tàn, tí ó sì ń kú nígbà tí oòrùn bá ràn, omi ni ó wọ ibi tí wáyà ti so mọ́ra, ní ẹ̀gbẹ́ sẹ́ńsọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Púpọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tí ń gba Èkó tàbí Kùtọnu wọlé ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sí títì nígbà yìnyín. Iyọ̀ náà a ti jẹ irin wáyà. Ẹ ó rí ìpẹtà aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀ bí a bá tú u. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so sẹ́ńsọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ náà lè ti yẹ̀, kòtò ojú títì wa sì ń kọ́ ọ bí a ti ń yẹ̀.

Kọ̀ǹpútà àyẹ̀wò tí àwọn ríwáyà ìwòyí ń gbé kiri wúlò níbí, bí a bá mọ̀ ọ́n lò. Ẹ jẹ́ kí ó ka gbogbo ohun tí ọkọ̀ ti kọ pamọ́, kí ẹ sì fi fóònù yín ya àwòrán rẹ̀ kí ó tó pa ohunkóhun rẹ́. Ọ̀pọ̀ a máa kọ́kọ́ pa á rẹ́, iná ìkìlọ̀ a kú, wọn a gba owó. Ẹ̀rí sì ti bá a lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó fi gíga ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn lójú ẹ̀rọ nígbà tí ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, kí ẹnì kejì sì máa mi wáyà sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan kò yẹ kí gíga rẹ̀ máa fò. Èyí tí ó bá fò, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ kò ní láti bá mẹkáníìkì jà. Ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ yín síwájú rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú ni ó lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7 nígbà tí a yọ fíùsì. Ẹ fi ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò hàn mí kí ẹ tó tú u.” Bí kò bá rí i ní ọ̀sán, kí ọkọ̀ sùn sọ́dọ̀ rẹ̀, kí òun náà bá a ní ìkúnlẹ̀ ní ìdájí. A rí i pé ìmọ̀ràn yìí rọrùn, síbẹ̀ díẹ̀ ni ẹni tí ń ṣe é. Bí wọ́n bá pààrọ̀ ohunkóhun, ẹ gba ti àtijọ́ padà. Bí ó bá sì jẹ́ àpò rọ́bà ni, èrò tiwa ni pé kí ẹ má ṣe ra àlòkù rẹ̀, ìbáà ṣe ní Ládìpọ̀, ìbáà ṣe ní Gáàtì ní Ìbàdàn. Irin àlòkù ṣeé rà, ìlẹ̀kùn àlòkù ṣeé rà, ṣùgbọ́n rọ́bà kì í fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn títí yóò fi sán. Bí owó bá wà, kí ẹ pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì pọ̀, nítorí ọjọ́ kan náà ni a bí wọn; bí kò bá sí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó ń jò.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ yọ afẹ́fẹ́ dànù, kí ẹ fi sípíríǹgì irin sí i. Kì í ṣe ìmọ̀ràn òmùgọ̀. Àwọn olówó Amẹ́ríkà tí ó ra Cadillac 1957 yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an nígbà tí jíjò afẹ́fẹ́ sú wọn. Bí ọkọ̀ bá ti gbó, tí àpò méjì, kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ àti fáàfù ń béèrè owó lẹ́ẹ̀kan náà, àwa náà yóò gbà pé kí ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ sípíríǹgì tí a ṣe fún irú ọkọ̀ náà gan-an, kì í ṣe ti ọkọ̀ mìíràn tí a gé tí a sì fi wẹ́dà jó mọ́ ọn. Kí ẹ sì mọ̀ pé iná ìkìlọ̀ kò ní í kú fúnra rẹ̀, pé ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò máa rẹlẹ̀ bí ẹrù bá pọ̀, àti pé gígùn gẹlẹtẹ tí ó mú yín fẹ́ràn ọkọ̀ náà ti lọ. Fún ìyá wa ní Abẹ́òkúta, tí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun, ó ti yá jù. Kí ó kọ́kọ́ yọ fíùsì ní alẹ́ mẹ́ta. Kí ó sì tètè ṣe é, kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ tuntun náà má baà kú ikú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀. Kí baálé rẹ̀ má sì tíì tà á: ẹni tí yóò rà á yóò fi ìkúnlẹ̀ náà gé owó rẹ̀ sí ìdajì, nígbà tí ó lè jẹ́ àpò kan ṣoṣo ni ó sán.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ má ṣe lọ wò ó ní ọ̀sán, nígbà tí ẹni tí ń tà á ti tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ sọ fún un pé ẹ ń bọ̀ ní agogo 6 òwúrọ̀, kí ó má sì fi ọwọ́ kan ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé. Kí ẹ gbé téèpù aránṣọ yín dání.